Ọmọ Méjì Ni Ó Bí, Mẹ́rin Ni Ó Tọ́

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà kò burú, nítorí ojúṣe ẹni ni a ń kọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan fi í ṣe àwáwí láti máa ya ọmọ sọ́tọ̀ nínú ilé kan náà. Ìyá tí ó bí mi kò fi ẹnu jiyàn pẹ̀lú òwe yìí rí. Ìwà rẹ̀ ni ó fi dá a lóhùn.

Ní ọdún 1950 ni ó bá ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ lọ sí Accra. Nígbà náà, Gold Coast kò tíì di Ghana, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá ti pọ̀ níbẹ̀: ará Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ọ̀ffà àti Ṣakí. Alata ni àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n. Òwò ni iṣẹ́ wọn, àwọn Onítẹ̀bọmi inú wọn sì dá ìjọ sílẹ̀ ní ìlú tí wọ́n bá dé. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà Makola.

Ní 1957, ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀ fún un. Ẹbí ọkọ fẹ́ kí àbúrò olóògbé ṣú u lópó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì kọ̀, nítorí pé ọkùnrin náà ti ní aya, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì gba ipò ìyàwó kejì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó fẹ́ bàbá mi, káfíńtà kan tí aya rẹ̀, ọmọ Ga, ti kú, tí ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀. Ní 1961 ni wọ́n bí mi. Bí a ṣe di mẹ́rin nìyẹn.

Ọgbọ́n tí ó fi ń ṣe àkóso ilé kò le. Ọmọ kan ni yóò pín ẹran lálẹ́, ẹni tí ó bá sì pín in ni yóò mú kẹ́yìn. Nínú àdúrà òwúrọ̀, bí a ti dàgbà sí ni ó ń dárúkọ wa, nítorí náà ọmọ tí kì í ṣe òun ni ó bí ni ó máa ń ṣáájú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, yóò rán àwọn ọmọbìnrin méjèèjì lọ kí ìyá àgbà wọn ní Bukom, kí èdè ìyá wọn má baà sọnù lẹ́nu wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé, “Èwo ni tìrẹ nínú wọn?” yóò ní, “Gbogbo wọn ni.”

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé K. A. Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ gbígbé gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò ní Ghana. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ni ó palẹ̀ ẹrù mọ́. Ìyá mi lu aṣọ rẹ̀ ní gbàǹjo.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin méjì náà ńkọ́? Ìyá àgbà wọn ní ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n, kí wọ́n dúró. Bàbá mi ní ọmọ òun kì í gbé ẹ̀yìn òun. Ìyá mi ní kí a bi àwọn ọmọ léèrè. Èyí ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yàn láti dúró parí ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ di aṣọ ìyá mi mú, ó ní, “Màámi, ẹ má fi mí sílẹ̀.” Ìyá mi pín owó aṣọ náà sí méjì, ó fún ìyá àgbà ní ìdajì fún owó ilé ìwé, ìdajì yòókù ni a fi wọ ọkọ̀ akẹ́rù gba Lomé àti Dahomey wá sílé.

Ní Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, àkàrà ni ó kọ́kọ́ ń dín. Kò bara jẹ́ lójú wa. Ó ní Ọlọ́run tí ó bá òun dé Makola mọ ọ̀nà Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú. Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ ń fi Yorùbá ẹnu ẹ̀gbọ́n mi yìí ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ń pè é ní “ọmọ Gánà.” Olùkọ́ kan ni ó ní kí ó kọ́ kíláàsì bí a ṣe ń kíni ní èdè Ga. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rín ti di ìbéèrè, tí ọmọ náà sì ń gbé orí sókè.

Ní oṣù Kìíní 1983, ó kan àwa náà. Ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé, ará Ghana ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá mi gba obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ méjì sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Aládùúgbò kan ní ẹ̀san ni. Ìyá mi dáhùn pé, “Èmi náà ti sun ojú ọ̀nà rí.”

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí kíláàsì tí kò ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀: èyí tí ń gbé lọ́dọ̀ aya bàbá, èyí tí ọkọ ìyá ń tọ́, èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Ẹ má ṣe bi í léèrè níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ta ni ó bí i. Ẹ wo ohun tí ó mọ̀ tí àwọn yòókù kò mọ̀, kí ẹ sì fún un láyè láti fi kọ́ wọn.