Eṣinṣin Ngorongoro

Òwúrọ̀ kùtù la kúrò ní Karatu, ní àríwá Tanzania. Kí a tó gun òkè dé etí kòtò Ngorongoro, kùrukùru ti bo gbogbo ọ̀nà. Ibẹ̀ ga tó mítà 2,300, òtútù rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí ọmọ Ìbàdàn ń fi àǹkárá bá jà. "Pole, Mama," ni awakọ̀ wa ń kí mi ní pẹ̀lẹ́ lédè Swahili bí mo ṣe ń gbọ̀n, ẹ̀rín sì ń pa á. Nígbà tí kùrukùru ká, mo wo ìsàlẹ̀: òkè ayọnáyèéfín ló wó sínú ara rẹ̀ láyé àtijọ́, tó di pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá tí òkè yí po, ó sì jìn tó mítà 600.

Kìnnìún la bá wá. Abo méjì la kọ́kọ́ rí, wọ́n nà gbalaja sínú koríko. A ò tíì pa ẹ́ńjìnnì tán tí agbo ẹfọ̀n fi yọ, àwọn akọ ńláńlá níwájú, wọ́n kọrí síbi tí àwọn abo náà wà. Mo retí ìjà. Àwọn abo náà dìde, wọ́n rọra yà fún wọn bí ẹni yà fún mọ́tò ní Ọ̀jọ́ọ̀. Awakọ̀ ní kò sí ìtìjú níbẹ̀: ìwo ẹfọ̀n lè tú ìfun kìnnìún jáde, bí agbo wọn bá sì rí ọmọ kìnnìún nínú koríko, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pa. Ní pápá Serengeti tó wà nítòsí, ìtapá àgùnfọn náà a máa ṣe kìnnìún léṣe. Nínú kòtò yìí kò sí àgùnfọn rárá.

Ìkookò ló wá pọ̀. Olè la máa ń pè é, pé òun ló ń jí ẹran kìnnìún. Hans Kruuk, onímọ̀ ará Netherlands tó ṣọ́ wọn lóru níbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, rí i pé ìkookò ló sábà máa ń pa ẹran nínú kòtò náà, tí kìnnìún á wá gbà á. Àmọ́ bí ìkookò bá rí arúgbó kìnnìún tó dá wà, tàbí ọmọ tí ìyá fi sílẹ̀, wọ́n á gbẹ̀san. Kìnnìún fúnra rẹ̀ ńkọ́? Akọ tuntun tó bá gba agbo, ọmọ tó bá nílẹ̀ ló ń pa, kí ìyá wọn lè tètè gba akọ.

Lẹ́bàá adágún Ngoitokitok, níbi tí a ti jẹun ọ̀sán, eṣinṣin kan bà mí lọ́rùn, mo gbá a. Ni awakọ̀ bá kó ìtàn 1962 sílẹ̀. Lọ́dún náà, lẹ́yìn òjò àrọ̀ìrọ̀dá, eṣinṣin amùjẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Stomoxys bo inú kòtò. Wọ́n bu kìnnìún jẹ títí ara wọn fi di egbò, wọn ò lè sùn, wọn ò lè ṣọdẹ. Àwọn kan gun igi. Àwọn mìíràn kó wọ ihò ìkookò lọ sá pamọ́. Ìkookò kẹ̀! Kìnnìún inú kòtò lé ní 60 kí eṣinṣin tó dé. Nígbà tó fi máa lọ, ó ku nǹkan bí 10.

Ní Serengeti, ní 1994, ajá ló fa ikú kìnnìún. Àrùn ajá tí wọ́n ń pè ní distemper ràn wọ́n, gìrì ń gbé wọn ṣánlẹ̀, nǹkan bí 1,000 nínú 3,000 sì kú. Ọ̀dá tó ṣáájú ti mú ẹfọ̀n rù hangangan, eégbọn bò wọ́n. Kìnnìún tó jẹ wọ́n kó àrùn eégbọn mọ́ ti ajá. Àrùn kan ṣoṣo ì bá má pa tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gún ajá àwọn abúlé àyíká lábẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ikú tí ọwọ́ ènìyàn ń fà náà ò jìnnà sí wa: okùn wáyà tí ọdẹ dẹ fún wildebeest a máa mú kìnnìún, òkú màlúù tí wọ́n fi májèlé sí a sì máa pa odidi agbo. Mi ò lè bínú púpọ̀ sí darandaran tí kìnnìún pa màlúù rẹ̀ lóru. Ẹni tí kò ní màlúù ló rọrùn fún láti yin kìnnìún.

Nígbà tí a gun òkè padà, ọmọkùnrin Maasai kan ń da màlúù kọjá níwájú wa, ajá pupa kan ń sáré tẹ̀ lé e. Mo bi awakọ̀ bóyá wọ́n ti gún ajá yẹn lábẹ́rẹ́. Ó ní kí n sọ̀kalẹ̀ lọ bi olówó rẹ̀.