Ẹ̀pà tí màmá mi dà nù

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tó lé mi dé ìdí ẹ̀pà, n kò ní purọ́ fún yín, ahun ni. Bọ́tà ẹ̀pà inú ìgò, èyí tó ń ti òkè òkun wá, ni ọmọ mi obìnrin fi ń jẹ búrẹ́dì láràárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Bí kò bá sí i, ẹkún ni. Ìgò kan kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì, bí mo bá sì tún padà dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ti fi owó lé e. Nígbà tí wọn ò san owó oṣù wa bó ṣe yẹ, mo sọ fún ìyàwó mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Ṣebí ẹ̀pà náà ni? Ẹ̀pà tí wọ́n ń to àpò rẹ̀ jọ bí òkè ní Kánò láwọn ọdún 1960, òun la wá ń rà lọ́wọ́ òyìnbó!

Mo gba ọjà lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀pà ìyá kan mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ga. Mo kọjá sọ́dọ̀ ẹnì kejì tó ń tà á ní pọ̀ọ́kú, mo ra kóńgò mẹ́ta. Ẹ̀yin tá a jọ ń gba owó oṣù, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀pà yíyan ni wọ́n tà n'Íbàdàn tí mo fi ka Poli jáde, ẹ̀pà inú ìgò ọtí tẹ́ ẹ máa ń rí lórí àtẹ yẹn. Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, ojú wọn yí padà.

"Ọkọ mi, ta ló ta èyí fún ẹ?"

Ni wọ́n bá jókòó tì í, wọ́n ń ṣà á. Èyí tó ti hunjọ, èyí tó dúdú, èyí tó ti bu. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tá a bá yan án dáadáa, iná á pa ohun tó wà níbẹ̀." Wọn ò tiẹ̀ wojú mi. Wọ́n kó o dà sí ààtàn. Inú bí mi, mo ní owó ni wọ́n dà nù yẹn.

"Ṣé ọmọ-ọmọ mi lo fẹ́ fi bọ́ ni?"

Lálẹ́, mo lọ kà nípa ẹ̀. Ẹnu mi gbẹ. Májèlé kan wà tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ara ẹ̀bu tó máa ń hù lára ẹ̀pà ló ti ń wá, ẹ̀dọ̀ èèyàn ló máa ń bá jà. Iná tá a fi ń yan ẹ̀pà kì í pa á tán. Tẹ́ ẹ bá sì ti lọ ẹ̀pà tán, ojú ò lè rí i mọ́. Màmá mi ò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀dọ̀ olówó gọbọi yẹn ni mo lọ. Iyanrìn gbígbóná la fi yan ẹ̀pà náà, lórí iná kékeré, a jọ̀ ọ́, a bó èèpo ẹ̀, a fẹ́ ẹ. Mo dà á sínú blẹ́ńdà. Ó kọ́kọ́ dà bí gàrí, ó tún dì pọ̀ bí ẹ̀bà, ìgbà yẹn gan-an ni iná ọba lọ. Nígbà tí iná dé, mo fẹ́ ta omi sí i kó lè yí. Màmá mi gbá mi lọ́wọ́! Omi ló ń bà á jẹ́. Ká ṣáà máa lọ̀ ọ́, ká máa sinmi díẹ̀, òróró inú ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló máa tú u.

Mo fi iyọ̀ àti oyin díẹ̀ sí ti ọmọ. (Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ jẹ oyin o.) Mo lọ atalẹ̀ gbígbẹ àti ata gbígbẹ mọ́ tàwa àgbà, ló bá ń ta sánsán bíi dàǹkùwà. Èmi àtìyàwó mi ti ń fi í pamọ́ fúnra wa. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo dán kànáfùrù wò, àfi bí ẹni ń jẹ oògùn akokoro.

Màmá mi ti padà s'Íbàdàn. Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti ọmọ la jọ ń ṣa ẹ̀pà. Ó na ẹyọ kan sí mi.

"Dádì, ṣé èyí dáa?"

Mo gbóòórùn ẹ̀ títí, n ò mọ ibi tí mo lè tì í sí.

"Ìyá Àgbà máa dà á nù," ló wí, ó sì jù ú sí ààtàn.