Ọmọ tí mo ní kò gbọ́ràn, etí ló di

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò dùn ún sọ fún mi, nítorí ẹ̀bi mi wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè ran ọmọ ẹnìkan lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Olùkọ́ ni mí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ní ọmọkùnrin kan ní CM1. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Kodjo, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ̀yìn kíláàsì ló máa ń jókòó sí, nítorí ó ga ju àwọn yòókù lọ: ó ti tún kíláàsì ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá pè é, kì í dáhùn àfi tí ẹni tó jókòó tì í bá gbún un ní ìgúnpá. Nínú dictée, mo lè pe « bain », kó kọ « pain ». Mo lè pe « poisson », kó kọ « boisson ». Mo ní ọ̀lẹ ni. Mo ní kó kúnlẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Nínú ìwé èsì rẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ ní Faransé pé kì í tẹ́tí sílẹ̀ ní kíláàsì.

Bàbá rẹ̀ ka ìwé náà, ó sì sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Tí ilé-ìwé bá ti parí, Kodjo á bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Ọmọ tó bá ti gba ibẹ̀ lọ kì í sábà padà sí kíláàsì.

Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbi iṣẹ́ wa ló la ojú mi. Ó gba kíláàsì mi fún mi ní ọjọ́ kan tí ara mi kò yá. Nígbà tí mo padà, ó ní, « Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ṣàkíyèsí pé ẹnu wa ni Kodjo ń wò? Bí mo bá kọjú sí pátákó, kò gbọ́ nǹkan kan. » N kò dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́yìn ọmọ náà, mo pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Kò yíjú. Mo tún un pè. Ó ṣì ń fi ìka gbẹ́ orí tábìlì. Ojú tì mí.

Ẹ wo èdè wa náà. Ẹni tí ohùn kò dé etí rẹ̀, a ní kò gbọ́. Ẹni tí a rán níṣẹ́ tó kọ̀, a ní kò gbọ́ràn. Bí a bá sì ní « etí ọmọ yìí di », àfi kí èèyàn béèrè èwo là ń sọ nínú méjèèjì. Èmi kò béèrè. Mo mú ìyà tó tọ́ sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, mo fi jẹ ẹni tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀.

Mo lọ bá ìyá-ìyá rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbé. Màmá náà ní, « Olùkọ́, láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni etí òsì rẹ̀ ti ń ṣọyún. A ti fi ìyẹ́ adìyẹ nù ún, a ti kán àdín sí i. Ó máa ń gbẹ, ó tún máa ń padà. » Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí wa fi iná wo inú etí rẹ̀, ó sì kọ ìwé fún wa pé kí a lọ rí ORL, ìyẹn dókítà tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Bàbá Kodjo kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní wọ́n á fọ́ etí ọmọ náà pátápátá. Màmá ló bá a sọ̀rọ̀. Àwa mẹ́ta wọ ọkọ̀ lọ sí Lomé, nǹkan bí 160 kìlómítà.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí wọ́n ṣe, nítorí ẹ̀rù tó ba bàbá yẹn ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa.

Dókítà ní kí ọmọ náà sùn, kó má mira, ó sì fi ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tóbi wo inú etí ọ̀tún. Ìdọ̀tí etí ti kún ibẹ̀, ó ti gan bí amọ̀. Ó rọra fa díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ló rí nǹkan pupa kan, ó sì fi irin tín-ín-rín tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọ́ ọ jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ ni! Màmá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó já ní ọdún mélòó sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ kò tó ogún ìṣẹ́jú.

Ní etí òsì, ó fi ọ̀pá kékeré tó ń fa nǹkan bí ẹ̀rọ fa ọyún kúrò. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú etí, tí wọ́n ń pè ní tympan, ti lu. Ó ṣàlàyé fún wa pé tí awọ bá ti lu, a kì í fi omi fọ irú etí bẹ́ẹ̀, a kì í sì kán àdín tàbí omi ọmú sí i. Oògùn tó kọ nìkan ni ká kán, kí omi odò má sì wọ ibẹ̀. Tí etí bá gbẹ dáadáa, tí ọmọ sì dàgbà díẹ̀ sí i, wọ́n lè mú awọ tó bo iṣan orí òkè etí, kí wọ́n fi lẹ ihò náà.

Lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹ̀rọ bo etí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní kó tẹ bọ́tìnì nígbàkígbà tó bá gbọ́ ohùn. Audiogramme ni wọ́n ń pè é. Kò dunni rárá. Etí ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ bí ti gbogbo èèyàn. Ti òsì ṣì wà lẹ́yìn. Nígbà tí a jáde, zémìjàn kan fun fèrè lẹ́yìn wa, Kodjo fò sókè, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè nípa iṣẹ́ àwọn dókítà yìí. Díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ́ nìyí.

Bí nǹkan bá wọ etí tàbí imú ọmọ, ẹ má fi ìṣáná, kọ́kọ́rọ́ tàbí coton-tige wá a. Ṣe lẹ máa tì í wọlé sí i. Bó bá jẹ́ hóró ẹ̀wà tàbí àgbàdo, ẹ má bu omi sí i, á wú. Bí ihò imú kan ṣoṣo bá ń ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń rùn, ẹ ronú pé nǹkan wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ bátìrì pẹlẹbẹ inú aago tàbí ohun ìṣeré, ẹ má dúró di àárọ̀ ọ̀la. Láàárín wákàtí díẹ̀ ó lè jó ara inú ibẹ̀.

Bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má gbé orí ọmọ sẹ́yìn. Kó jókòó, kó tẹrí síwájú díẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì fún ibi rírọ̀ imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 láìjá a sílẹ̀. Bí kò bá dá, dókítà lè ki aṣọ ìtọ́jú sínú imú, tàbí kó jó ojú iṣan tó ń ṣẹ̀jẹ̀ náà pa.

Bí ọmọ tó ń jẹ ẹ̀pà bá ṣàdédé há, tí ikọ́ kò dá, tí èémí rẹ̀ sì ń dún, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Wọ́n á mú un sùn, wọ́n á fi ọ̀pá tó ní iná gba ẹnu wọlé yọ ọ́.

Ti àwọn ẹran méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọ̀fun, tí Faransé ń pè ní amygdales, kì í ṣe gbogbo ọmọ ni wọ́n ń yọ ọ́ fún. Èyí tí ọ̀fun ń dùn lemọ́lemọ́ lọ́dọọdún, tàbí tó ń hanrun tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, ni wọ́n ń wò fún un. Inú ẹnu ni wọ́n ń gbà, wọn kì í la ọrùn. Kò jọ gígé tí àwọn kan ń fi abẹ gé bẹ́lubẹ́lu nílé, èyí tó lè fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tàbí àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì.

ORL wà ní CHU Sylvanus Olympio ní Lomé, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Tokoin, ó sì wà ní CHU Kara. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn, owó sì ṣòro. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì tó sún mọ́ yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, sọ pé nínú ọmọ 100 tí kò gbọ́ dáadáa, nǹkan bí 60 ni à bá ti lè dáàbò bo etí wọn. Ọyún etí tí a fi sílẹ̀ láìtọ́jú wà lára ohun tó ń bà á jẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ dán an wò lónìí. Ẹ dúró lẹ́yìn ọmọ yín kó má rí ẹnu yín, kó fi ọwọ́ di etí kan, kí ẹ sọ orúkọ ẹranko mẹ́ta wúyẹ́wúyẹ́, kó sì tún un sọ. Lẹ́yìn náà, etí kejì. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ má bínú sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo etí náà.

Nígbà tí a dé láti Lomé, mo mú Kodjo wá sí ìjókòó iwájú, kí etí ọ̀tún rẹ̀ lè kọjú sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Ó ní, « Kò sí nǹkan kan, Maître. Mo rò pé báyìí ni gbogbo èèyàn ṣe ń gbọ́. » Kò lọ sí oko Nàìjíríà ní ọdún yẹn. Ó gba CEPD rẹ̀ lẹ́yìn CM2. Dictée rẹ̀ kò tíì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń mọ « bain » yàtọ̀ sí « pain ».

Mo ṣì ní ẹ̀dà ìwé èsì tí mo kọ yẹn nínú àpótí mi. N kò fà á ya. Bí mo bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ nípa ọmọ kan, mo máa ń kọ́kọ́ yọ ọ́ wò.

Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ lágbo ilé yín, ẹ sọ ọ́ fún wa kí ẹlòmíràn lè rí i kọ́. Kí Ọlọ́run dá etí àwọn ọmọ wa sí.