Ilé Onítáyà

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ilé ni. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ààrò gáàsì wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré kan sì wà lẹ́yìn tí ènìyàn kò lè wọ̀ láìfi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Winnebago ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1976 ni wọ́n ṣe é; ìlú Forest City ní ìpínlẹ̀ Iowa ni ilé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1966. Mo rà á lọ́wọ́ aládùúgbò wa kan tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi bi mí bóyá owó ń yọ mí lẹ́nu ni. Ìyá mi, tí ó ti wà lọ́dọ̀ wa ní Houston láti ọdún 2019, rìn yí i ká, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ ní "ilé onítáyà".

Ohun tí mo sọ fún gbogbo ilé ni pé àkọ́bí wa fẹ́ gba oyè ní yunifásítì kan ní Atlanta ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, àti pé ẹsẹ̀ ìyá mi máa ń wú bí ó bá jókòó pẹ́. Nínú ọkọ̀ yìí, yóò lè nà gbalaja. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ó ti lé ní ọdún kan tí ìyá mi ti ń bẹ̀ mí pé kí n dá òun padà sí Ìkìrun. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ni ó máa ń wí. Houston, oko ni lójú rẹ̀. Lónìí mo ní àrùn kòrónà kò tí ì kásẹ̀ nílẹ̀. Lọ́la mo ní ojú ọ̀nà kò dára. Lọ́túnla mo ní ta ni yóò máa tọ́jú wọn. Mo rò pé bí mo bá gbé wọn rìn káàkiri díẹ̀, ọkàn wọn yóò rọlẹ̀. Ọmọdé ni a máa ń fi ọkọ̀ tàn. Èmi fi ń tan ìyá tí ó bí mi.

A lọ ní àlàáfíà. Àbọ̀ ni wàhálà wà. Bí a bá gba Montgomery àti Mobile, Atlanta sí Houston tó nǹkan bí 800 máìlì, ọkọ̀ wa kò sì lè rìn ju máìlì 8 lọ lórí gálọ́ọ̀nù epo kan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín awakọ̀ àti ẹni tí ó jókòó tì í, lábẹ́ ìdérí kan, ooru rẹ̀ sì ń yan wá lẹ́sẹ̀ bí ìgbà tí a ń yan àgbàdo. Ọmọ wa obìnrin ń bi wá láti ẹ̀yìn pé ìgbà wo ni a óò dé ilé. Ìyá mi a dá a lóhùn pé, "Ilé wo, ọmọ mi?" Èmi a yí rédíò sókè.

Ní etí ìlú Mobile ni róbà tí ń gbé omi lọ sínú ẹ́ńjìnnì bẹ́. Mẹkáníìkì tí ó wá fà wá ní ó di ọ̀la kí òun tó rí irú rẹ̀ rà, nítorí ọkọ̀ náà ju òun lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ wá wo àǹfààní ilé onítáyà: a dáná, a jẹ ìrẹsì, a sì sùn nínú ọgbà ọlọ́gbà bí ẹni tí ó wà nílé bàbá rẹ̀.

Mẹkáníìkì yìí náà ni ó sọ ní òwúrọ̀ pé Africatown kò jìnnà sí ibi tí a wà, tí ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa dé ibẹ̀. Mo ti ka ìtàn wọn tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ ìlú léèwọ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1860, Timothy Meaher, olówó kan tí ń kan ọkọ̀ ojú omi, rán Clotilda lọ sí Ouidah, ó sì kó ènìyàn bí 110 dé. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà láti pa ẹ̀rí rẹ́. Ọdún 2019 ni a tó kéde pé a ti rí àwókù rẹ̀ nínú odò. Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1865, ilé ni àwọn ènìyàn náà fẹ́ lọ. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú owó ọkọ̀, owó náà kò pé. Wọ́n ní kí Meaher fún àwọn nílẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n wá fi owó ara wọn ra ilẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ra díẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé ẹni tí ó kó wọn wá, wọ́n sì tẹ ìlú dó sórí rẹ̀.

Ère ọ̀kan nínú wọn, Cudjo Lewis, tí ó gbé ayé títí di ọdún 1935, wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Oluale Kossola ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó dé Amẹ́ríkà. Onímọ̀ ìtàn Sylviane Diouf sì kọ ọ́ pé ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Mo pe orúkọ náà fún ìyá mi. Òun náà pè é lọ́nà mẹ́ta, mẹ́rin, ó ń wá ohùn tí ó ti sọnù lórí rẹ̀, bí ẹni tí ń ti kọ́kọ́rọ́ oríṣiríṣi bọ ilẹ̀kùn kan. "Ṣé Olúwalé ni? Ṣé Kọ́ṣọ́lá ni?" Kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ó gbé ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ère náà, ó ní, "Ẹ kú àárò ilé o, bàbá."

Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí mi. "O ní owó ọkọ̀ ni wọn kò rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èló ni owó ọkọ̀ Èkó báyìí?"

Kò sí rédíò níbẹ̀ tí n óò yí sókè. Mo sọ iye rẹ̀ fún wọn.

Wọ́n so róbà tuntun mọ́ ẹ́ńjìnnì ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a sì la Mississippi àti Louisiana kọjá láìsí ìyọnu mìíràn. Aago méjì òru ti lù kí a tó wọ Houston. Ọmọ wa obìnrin pariwo pé a ti délé, ó sì sáré wọlé. Ìyá mi kò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní inú ọkọ̀ ni àwọn yóò sùn di àárọ̀. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi di oṣù kẹsàn-án. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní kí n lọ mú ìwé ìrìnnà àwọn wá láti inú àpótí, kí àwọn fi sí abẹ́ ìrọ̀rí.