Láàárín Eékún Onídìrí

Nínú gbogbo àdúgbò, obìnrin tó jókòó sáàárín eékún onídìrí lọ́kàn rẹ̀ balẹ̀ jù. Kò sẹ́ni tó lè rán an níṣẹ́. Bí ọmọ bá ń pè é, onídìrí á ní kó má mi orí. Bí ebi bá ń pa ọkọ, ọkọ á dúró, tàbí kó lọ ra ẹ̀wà jẹ. Ṣùkú lè gba wákàtí méjì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí irun bá kún, tí ẹnu onídìrí sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ní gbogbo àsìkò yẹn, obìnrin náà kò ṣe nǹkan kan. Ó ń gbọ́ òfófó, ó ń tòògbé, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ ọ lórí. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní pè é ní ọ̀lẹ. Ó ń dirun ni.

Láti ìgbà tí màmá mi ti ní àrùn rọpárọsẹ̀, tí mo sì kó wọn wá sọ́dọ̀ ara mi n'Ìbàdàn, ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe pé àwa Yorùbá ò mọ ìsinmi. A mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ a kì í fẹ́ kó wọlé láìmú àwáwí dání. Àwọn oníṣàngó kì í lọ sóko lọ́jọ́ Jákúta; Ṣàngó ló lọjọ́, ta ló fẹ́ bá Ṣàngó jiyàn? Ìyálọ́mọ á wà nílé fún ogójì ọjọ́, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ á máa gbé omi kaná, á máa wẹ ọmọ, á máa fi omi gbígbóná jó o níkùn, nítorí ọmọ tuntun ni. Ẹni tó bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án á ní orí ń fọ́ òun. Ṣùgbọ́n kí èèyàn kàn sọ pé, “Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ jókòó,” kó sì jókòó lóòótọ́, ìyẹn ló ṣòro. Ó ṣòro fóbìnrin jù. Àwọn ọkùnrin ní ọpọ́n ayò lábẹ́ igi, wọ́n ní ilé ẹlẹ́mu, lóde òní wọ́n tún ní ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Ìlú Ọba. Wọn ò ní láti dirun kí wọ́n tó lọ síbẹ̀. (Mi ò bínú sí wọn o. Mo ń jowú wọn ni.)

J. D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò tó ti ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn kó tó lọ sí Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Nígbà tó fi máa kú ní 2014, àwòrán irun tó yà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀yìn orí ló pọ̀ jù nínú wọn: pátí irun tó tò lọ gẹ́rẹ́gẹ́, ìdì òwú tó nà sókè, ọrùn tó dúró ṣinṣin. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà ń fi wọ́n wé ère. Èmi ò rí ère níbẹ̀. Wákàtí tó wà nínú irun kọ̀ọ̀kan ni mo ń rí, pé gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyí ti jókòó pẹ́ níbì kan, tí ẹnì kan sì ń bá wọn di ilé mú.

Ẹni tó ń bá wọn di ilé mú yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń wẹ màmá, mo ti pààrọ̀ Pampers, mo ti po ògì, mo ti ka oògùn sọ́wọ́, mo ti na apá àti ẹsẹ̀ òsì wọn bí olùtọ́jú iṣan ṣe kọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ti àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ dé Mọ́kọ́lá, lẹ́yìn náà ni kíláàsì. Obìnrin kan ń bá mi jókòó tì wọ́n títí mo fi ń dé. Bó bá ti gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Lóru ni iṣẹ́ gan-an. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, èèyàn ní láti máa yí i ní bíi wákàtí méjì méjì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé oorun àárín wákàtí méjì kì í ṣe oorun. Etí ni èèyàn fi ń sùn.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru màmá tú bẹ́líìtì ẹ̀rọ kúrò lápá wọn, ó wò mí lójú, ó ní, “Àǹtí, ẹ na ọwọ́ tiyín náà wá.” Ẹ̀rọ ka 158 lórí 100. Kò wàásù fún mi. Ó kàn ní, “Ṣé ẹ̀yin àti màmá fẹ́ jọ máa pín bẹ́ẹ̀dì kan ni?” Ó sì kọ orúkọ mi sínú káàdì.

Kì í ṣe àwàdà lásán ló ń ṣe. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, gbé ìṣirò kan jáde pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga fún un ju ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn tó ti ibẹ̀ wá pa nǹkan bí 745,000 èèyàn ní 2016. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń sọ. Yíyí ìyá ẹni padà láago mẹ́ta òru kò sí níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa pẹ̀lú ní kí òṣìṣẹ́ máa ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje, kó má dín sí wákàtí 24 gbáko. Ó dára. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ màmá mi. Ta ni mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí?

Gbogbo ẹni tó bá rí mi ló ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa wá àyè fún ara mi. Wọ́n ní kí n máa rìn ní ìrọ̀lẹ́, kí n máa tètè sùn, kí n máa mu omi. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò tíì rí ẹni tó sọ pé, “Lọ rìn, màá jókòó ti màmá.” Kò sí bí mo ṣe lè fi ìpinnu dá àyè sílẹ̀, ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ fún mi nínú tirẹ̀. Obìnrin ayé àtijọ́ tó fi ọ̀sán gbáko dirun, kì í ṣe pé ó mọ ìtọ́jú ara jù mí lọ. Inú agbo ilé ló wà. Ìyálé ń wo ìkòkò lórí iná, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá àgbà, bí òjò bá ṣú, ẹni tó bá wà nítòsí ló ń kó aṣọ. Fúláàtì ni èmi ń gbé. Bí mo bá kúrò nídìí iná, ọbẹ̀ á jóná.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lámbò, dókítà àrùn ọpọlọ, mọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954. Kò fẹ́ kí alárùn ọpọlọ dá nìkan wá; ó ní kí mọ̀lẹ́bí kan tẹ̀ lé e, kí wọ́n jọ máa gbé nínú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí mọ̀lẹ́bí máa se oúnjẹ, kó máa mú un lọ gbàtọ́jú, kó sì mú un padà. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀, ojú mi kì í kúrò lára mọ̀lẹ́bí tó ń se ọbẹ̀ yẹn.

Mo pe àwọn ọmọ ìyá mi sórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wà ní Houston, wọn kì í pa owó oògùn jẹ. Bùọ̀dá wa wà l'Ékòó. Àbúrò wa ọkùnrin kò jìnnà, Àkóbọ̀ ló ń gbé, mo sì ní kó máa wá gba Saturday. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Sìsí mi, ṣebí obìnrin lẹ̀yin, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.” Mo ní rárá, èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ́ mi ni. Ohun tó ń tì í lójú gan-an ni wíwẹ̀. Ọmọkùnrin kì í fẹ́ wo ìhòòhò ìyá rẹ̀, mi ò sì ní bá a jà lórí ìyẹn. A fàdéhùn sí i: màá ti wẹ̀ wọ́n, màá ti múra fún wọn kó tó dé, tirẹ̀ ni oúnjẹ, oògùn, yíyí wọn padà, àti jíjókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀dọ̀ onídìrí ni mo kọ́kọ́ ń lọ. Nígbà tó yá mo rí i pé àwáwí ni mo tún ń gbé dání, torí irun náà ò tíì bàjẹ́ tí mo fi ń tú u. Mo wá ń lọ jókòó sí Agodi Gardens pẹ̀lú ẹ̀pà sísun, mi ò gbé ìwé ọmọ iléèwé dání láti máakì. Aládùúgbò mi rí mi nígbà tí mò ń bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bi mí pé níbo ni mo lọ. Mo ní mi ò lọ síbì kankan. Ó wo orí mi, ó wo ọwọ́ mi tí kò gbé nǹkan kan, kò gbà mí gbọ́. Màmá ní tiwọn ti fẹ́ràn Saturday ju èmi alára lọ, nítorí àbúrò mi ń dọ́gbọ́n fi ṣúgà sí ògì wọn. A ti jà lórí ṣúgà yẹn.

Kò pẹ́ tí àbúrò mi fi pè mí pé ẹ̀yìn ń dun òun, báwo ni mo ṣe ń gbé wọn? Mo ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń fi aṣọ ìtẹ́lẹ̀ fà wọ́n dípò ọwọ́. Ó dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé kí Bùọ̀dá máa wá láti Èkó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bùọ̀dá ní àwọn á máa fi owó ránṣẹ́. Àbúrò mi fèsì pé owó kì í yí èèyàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí Houston dá sí i, ìyàwó Bùọ̀dá dá sí i, ọ̀rọ̀ ti ń gbóná báyìí. Èmi ò tíì kà á tán. Saturday ni, mo ti pa fóònù.