Koríko Berea Nígbà Òtútù

Bí oṣù Keje bá wọlé, òjò la máa ń bá yí nílé. Ní Johannesburg, ìgbà yẹn gan-an ni òtútù máa ń mú jù, òjò kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ rárá. Ìlú náà fi nǹkan bí 1,750 mítà ga ju òkun lọ. Oòrùn a máa ràn dáadáa lọ́sàn-án, àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí kò sí ìkùukùu lójú sánmà, gbogbo ooru ọ̀sán á bá atẹ́gùn lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìrì tó sẹ̀ sórí koríko á ti dì, á funfun bí iyọ̀.

Àárín Hillbrow àti Yeoville ni Berea wà. Ibẹ̀ ni Ponte wà, ilé gogoro alájà 54 tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1975, tí èèyàn ń rí láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ládùúgbò náà, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá lójú pópó. Ilé alájà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ilé tó ní àgbàlá kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí koríko díẹ̀ tó wà níwájú ilé fi ṣe iyebíye. Níbo tún ni kí ọmọdé ti gbá bọ́ọ̀lù?

Kikuyu ni wọ́n ń pe koríko tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Àlejò ni òun náà o! Orí òkè Ìlà Oòrùn Áfíríkà ló ti wá, wọ́n sì fi orúkọ àwọn Kikuyu ilẹ̀ Kẹ́ńyà sọ ọ́. Ó ń fi ìtàkùn rìn lórí ilẹ̀ àti lábẹ́ ilẹ̀. Tí ìrì dídì bá ti kàn án, omi inú ewé rẹ̀ á dì, ewé náà á sì gbẹ, á wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹní àtijọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwa àlejò ti ń ṣìnà. Ní ilé ẹ̀gbọ́n kan tí mo kí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gbé ṣọ́bìrì. Ó ní, “Bùrọ̀dá, koríko yìí ti kú. Ẹ jẹ́ ká hú u, ká da kọnkéré síbẹ̀.” Bàbá kan láti Sìmbábúwè, tó máa ń bá wọn tún ọgbà ṣe, kò bá wọn jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọ̀bẹ tú erùpẹ̀ díẹ̀, ó sì fi èékánná ha ìtàkùn abẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ funfun, ó sì tutù. Koríko náà ń sùn ni. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n dá ṣọ́bìrì padà, inú àwọn ọmọ sì dùn.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò nira. Kí òtútù tó dé, ẹ má gé e kanlẹ̀. Ewé tó gùn díẹ̀ ló ń bo ìtàkùn. Láàárọ̀ tí ìrì bá dì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ títí oòrùn á fi yọ́ ọ, torí ewé tó dì ń ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, ojú ẹsẹ̀ náà á sì hàn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ nígbà tó ń sùn. Omi díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ti tó, kó sì jẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yọ, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Ní ti àwọn tó ń dáná sun ún bí ẹni ń sun oko, ẹ jọ̀ọ́, ilé àti mọ́tò wà nítòsí.

Ẹ̀yìn ilé gogoro tún yàtọ̀, torí kikuyu ń fẹ́ oòrùn. LM ni ọ̀pọ̀ ń gbìn sábẹ́ ibòòji. Lourenço Marques ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀, orúkọ tí Maputo ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Tí oṣù Kẹjọ bá ń parí lọ, wọ́n á fi réèkì ha ewé gbígbẹ kúrò, wọ́n á da ajílẹ̀ sí i, wọ́n á sì bomi rin ín. Ewé tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lóṣù Kẹsàn-án. Tó bá fi máa di oṣù Kẹwàá tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìgékoríko á ti ń dún káàkiri.