Ọmọ Tí Ń Tú Rédíò Wò

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, bí ẹ bá ní ọmọ kan nílé tí kò lè rí ohun èlò tí ó ti kú kí ó má tú u wò, tí ẹ sì ń bá wáyà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi pàṣán sílẹ̀ ná.

Láàárín ọdún 2001 sí 2002, ìyàn mú gidigidi ní orílẹ̀-èdè Màláwì. Àgbẹ̀ ni òbí William Kamkwamba. Nígbà tí oko kò so, owó ilé-ẹ̀kọ́ kò sí mọ́, ọmọ ọdún 14 náà sì di ẹni tí ń jókòó sílé. Ní ilé ìkàwé kékeré kan ládùúgbò wọn ni ó ti rí àwòrán ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì dán mọ́rán, àwòrán ni ó tẹ̀ lé. Ó ṣa fáànù katakata àti àlòkù kẹ̀kẹ́ jọ. Ó fi iná rọ páìpù ike, ó sì tẹ́ ẹ di abẹ̀bẹ̀. Àwọn ará abúlé ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ìyá rẹ̀ pàápàá rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dáínámò kẹ̀kẹ́ náà tan gílóòbù, ó sì fa wáyà wọ ilé tí kò ní iná mànàmáná. Ní ọdún 2014, ó gboyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní Amẹ́ríkà.

Mo máa ń ro ti ìyá yẹn. Ebi ń pa ilé, ọmọ ń kó irin jọ. Ta ni nínú wa tí kò ní kó o dànù?

Kékeré irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ju agbára wa lọ. Èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 10, yọ ẹ̀rọ kékeré tí ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò tí ó ti kú. Òòfà àti wáyà bàbà tí a ká jọ ni ó wà nínú rẹ̀: bí iná bá wọ̀ ọ́, a máa yí; bí a bá sì yí i, a máa mú iná jáde. A gé ike omi sí ọ̀nà mẹ́ta, a tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan dagun díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi tì, a lẹ̀ wọ́n mọ́ ìdérí ike, a sì fi ìdérí náà há orí ọ̀pá ẹ̀rọ. Gílóòbù wínníwínní tí wọ́n ń pè ní LED ni kí ẹ so mọ́ wáyà rẹ̀. Kí ó jẹ́ pupa, nítorí kì í gba agbára tó ti funfun. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà kọjá nínú rẹ̀; bí kò bá tàn, ẹ pa wáyà méjèèjì dà.

Kò lè lọ aṣọ o! Afẹ́fẹ́ ìhà ọ̀dọ̀ wa kì í sábà le, àfi bí òjò bá ń bọ̀. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po 2, agbára inú rẹ̀ a di ìlọ́po 8. Nítorí náà ni gílóòbù tí kò ṣẹ́jú lọ́sàn-án fi lè mọ́lẹ̀ kedere nígbà tí ìjì bá dé.

Òfin kan ni mo ṣe: ohun tí ń lo bátìrì nìkan ni ọmọ lè tú. Èyí tí a ń kì bọ ara ògiri, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ìbáà ti kú.

Aládùúgbò mi kan ní iṣẹ́ ọkùnrin ni mo ń kọ́ ọmọbìnrin. Mo ní kí ó jókòó wò ó. Nígbà tí afẹ́fẹ́ òjò gbé abẹ̀bẹ̀ náà tí iná pupa sì yọ, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí òun dì í mú. Ó ní kí ó kọ́kọ́ lọ parí àwo tí ó ń fọ̀.